Olíkóyè Ransome-Kuti: Oníṣègùn tó fi omi oníyọ̀ àti ṣúgà gba ọmọdé lọ́wọ́ ikú

Ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹfà, ọdún 2003 ni ọlọ́jọ́ dé bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kuti ní ìlú London, lẹ́ni ọdún 75. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí, ṣùgbọ́n ìyá tó bá mọ omi oníyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò fún ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru kò ní í gbàgbé rẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí i lọ́jọ́ 30, oṣù Kejìlá, ọdún 1927. Àlùfáà Ransome-Kuti ni bàbá rẹ̀, Olóyè Fúnmiláyọ̀ ni ìyá rẹ̀, òun sì ni ẹ̀gbọ́n Fẹlá olórin. Ó kàwé ní Ìbàdàn àti ní Dublin kó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìtọ́jú ọmọdé ní Yunifásítì Èkó.

Ó mọ ìfun ènìyàn bí ẹní mowó. Lọ́dún 1971, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde tó fi hàn pé ìfun ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Yorùbá kò lè lo ṣúgà inú wàrà, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ Fúlàní ń lò ó.

Irú ìmọ̀ yìí ló wà nídìí omi oníyọ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tíntìntín ló bo inú ìfun. Agbára tó ti inú oúnjẹ wá ni wọ́n fi ń gbọ́n iyọ̀ jáde sínú ẹ̀jẹ̀, bí ẹni ń gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀. Jens Skou, ọmọ Denmark, ló ṣàwárí ohun tó ń gbọ́n ọn lọ́dún 1957. Bí iyọ̀ bá ti dínkù nínú sẹ́ẹ̀lì, òmíràn á fẹ́ wọlé láti inú ìfun. Lọ́dún 1960, Robert Crane ṣàlàyé pé ilẹ̀kùn kan wà tí iyọ̀ àti ṣúgà jọ ń gbà wọlé. Bí wọ́n bá wọlé, omi á tẹ̀ lé wọn. Onígbáméjì pàápàá kì í ti ilẹ̀kùn yìí. Ìdí nìyí tí omi lásán kò fi tó.

Ọdún 1985 ló di Mínísítà fún ètò ìlera, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1992. Ó gbà pé ilé ìwòsàn ńlá nìkan kò lè gba ọmọ Nàìjíríà là. Lọ́dún 1986, ètò ìlera alábọ́ọ́dé bẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ 52: abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọmú ìyá, omi oníyọ̀. Ìyá tó wà ní Masifa, lágbègbè Èjìgbò tó ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà náà, kò ní láti dé Ìbàdàn kó tó rí iyọ̀ àti ṣúgà.

Bí wọ́n ti ń pò ó lónìí ni omi mímọ́ lítà kan, ṣíbí kékeré mẹ́fà ṣúgà àti ìlàjì ṣíbí kékeré iyọ̀, kí ojú ṣíbí tẹ́jú. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ewu ni. Ọmọ tí kò bá lè mu ún gbọ́dọ̀ dé ilé ìwòsàn kíákíá.

Olíkóyè kì í fi òtítọ́ pamọ́. Nígbà tí Fẹlá kú lọ́dún 1997, òun ló jáde sọ fáyé pé àrùn éèdì ló pa àbúrò òun. Ẹni tó bá ti rí ọmọ tí ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, tó tún là lẹ́yìn ife omi díẹ̀, ló mọ iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí ṣe.