Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò àti Ìtọ́jú Aláìsàn Ọpọlọ Láàárín Ẹbí

Ìfáárà

Yorùbá gbà pé wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ní àdúgbò bíi Mafolúkù ní Òṣòdì, níbi tí èrò ti ń wọ́ tìrítìrí, kò ṣòro láti rí àwọn tí ń fi aláìsàn ọpọlọ, tàbí ọ̀dọ́ tí igbó ti di bárakú fún, ṣe ìran wò. Ọ̀rọ̀ máa ń yí padà lọ́jọ́ tí aláìsàn náà bá jẹ́ ọmọ ẹni. Ìbéèrè méjì ni òbí máa ń kojú lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀: ibo ni kí á gbé e lọ, ta ni yóò sì dúró tì í níbẹ̀? Ìgbésí ayé ọkùnrin tí ó fi iṣẹ́ rẹ̀ dáhùn ìbéèrè kejì yìí ni iṣẹ́ yìí dá lé.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

Ọjọ́ 29, oṣù kẹta, ọdún 1923 ni wọ́n bí Lámbò ní Abẹ́òkúta. Ó kàwé ní Baptist Boys' High School ní ìlú náà kí ó tó lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn tí ó ti ṣiṣẹ́ dókítà díẹ̀ nílé, ó padà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ nípa ìtọ́jú àrùn ọpọlọ.

Ipò tí Ó Bá Ìtọ́jú

Àtìmọ́lé ni ìjọba amúnisìn fi ń ṣe ìtọ́jú aláìsàn ọpọlọ nígbà náà. Ibi ìhámọ́ ni ilé tí wọ́n ṣí ní Yábàá ní ọdún 1907. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ sì ni Láńtòrò ní Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n kó àwọn ọmọ ogun tí ọpọlọ wọn dàrú sí ní ọdún 1944. Lọ́dọ̀ àwọn adáhunṣe pẹ̀lú, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kò jìnnà sí ẹsẹ̀ aláìsàn.

Ètò Abúlé ní Aró

Ní ọdún 1954, Lámbò di olórí ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Aró, Abẹ́òkúta, nígbà tí kíkọ́ ilé náà kò tíì parí. Kò káwọ́ gbera títí ilé yóò fi parí. Ó tọ àwọn àgbààgbà abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká lọ, wọ́n sì gbà láti máa fi yàrá háyà fún àwọn aláìsàn. Ṣùgbọ́n ó fi òté kan lé e: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá, ìyàwó, ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan mìíràn gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó máa dáná fún un, kí ó máa fọ aṣọ rẹ̀, kí ó sì máa sìn ín lọ sí ilé ìwòsàn.

Bí wọ́n bá ti gba oògùn tàbí abẹ́rẹ́ tán, abúlé ni wọ́n ń padà sí. Àwọn ará abúlé náà jèrè, nítorí ilé ìwòsàn bá wọn ṣètò omi àti ìmọ́tótó. Lámbò tún gba àwọn adáhunṣe síṣẹ́, nítorí wọ́n mọ ìgbàgbọ́ àwọn aláìsàn. Kì í ṣe gbogbo dókítà ló fara mọ́ èyí, àmọ́ kò gbé ìtọ́jú oògùn òyìnbó lé adáhunṣe lọ́wọ́.

Èrè ètò yìí ni pé aláìsàn kò di àjèjì sí ilé rẹ̀. Ìbátan tó dúró tì í rí ìwòsàn náà lójú ara rẹ̀, ó sì mọ bí yóò ṣe tọ́jú rẹ̀ bí wọ́n bá délé.

Ọ̀rọ̀ Oògùn Olóró

Ní ọdún 1965, Lámbò kọ̀wé nípa oògùn olóró tó ń di bárakú ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó sì wò ó gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìṣègùn àti ti àwùjọ. Tolani Asuni, tí òun náà ṣiṣẹ́ ní Aró, ti kọ tirẹ̀ lórí igbó ní ọdún 1964. Ẹ̀kọ́ abúlé Aró bá ọ̀rọ̀ yìí mu. Bí igbó bá ti kúrò lára ọ̀dọ́ kan, òpópónà àti ọ̀rẹ́ àtijọ́ ṣì ń dúró dè é. Bí kò bá sí ẹni tí yóò dúró tì í, ìtọ́jú náà lè já sí asán.

Ipò Gíga àti Ikú Rẹ̀

Ní ọdún 1961, Abẹ́òkúta gba àlejò ìpàdé àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún àwọn dókítà ọpọlọ ní Áfíríkà. Lámbò di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1963, ó sì ṣe gíwá níbẹ̀ láti 1968 sí 1971. Àsìkò gíwá yìí kò rọgbọ tán, nítorí ọlọ́pàá yìnbọn pa akẹ́kọ̀ọ́ kan níbi ìfẹ̀hónúhàn ní oṣù kejì ọdún 1971. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní Geneva, níbi tí ó ti ṣe igbákejì ọ̀gá àgbà láti 1973 sí 1988. Ó papò dà ní ọjọ́ 13, oṣù kẹta, ọdún 2004.

Ìgúnlẹ̀

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, wọ́n buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun ní Nàìjíríà, èyí tó rọ́pò òfin àtijọ́ tó mú ìhámọ́ ní kókó. Ilé ìwòsàn ọpọlọ Yábàá náà ní ibi ìtọ́jú fún ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní Òṣòdì. Ṣùgbọ́n òfin àti ilé nìkan kò tó. Olùkọ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ rí ọmọ tí igbó ti fẹ́ di bárakú fún. Bí ó bá pè é ní wèrè lójú ẹgbẹ́ rẹ̀, tàbí tí ó lé e kúrò ní kíláàsì, ó ti já okùn tí Lámbò ní kí á dì mú. Ọmọ ẹni kì í burú títí kí á lé e fún ẹkùn pa jẹ.