Ògèdèǹgbé Agbógungbórò: Ẹ̀tù Ìbọn àti Ọ̀nà Omi Ilẹ̀ Ìkálẹ̀

Ìfáàrà

Bí a bá dárúkọ Ògèdèǹgbé Agbógungbórò ti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìgboyà, oògùn àti ojú ogun. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n akọni tí ẹ̀tù rẹ̀ tán lójú ogun kò sàn ju ẹni tí ó di igi mú lọ. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni láti sọ ìtàn ìgbésí ayé akọni náà ní ìbámu pẹ̀lú ẹ̀tù tí ó fi jà: irú èyí tí ó jẹ́, ọ̀nà tí ó gbà dé ọwọ́ rẹ̀, àti ohun tí yíyan irú ìbọn kan dípò òmíràn mú bá òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Bí a ti ń bá ìtàn náà lọ, a óò rí i pé kò lè pé láìmẹ́nu ba etí omi ilẹ̀ Ìkálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ agbègbè Òkìtìpupa kì í sábà gbọ́ ipa tí ilẹ̀ tiwọn kó nígbà tí a bá ń kọ́ wọn ní ìtàn ogun Kírìjì.

Ìgbà Èwe Rẹ̀

Àtọ́rìn, ìlú kékeré kan nítòsí Iléṣà, ni wọ́n bí i sí ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Òrìṣàráyíbí ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, àwọn ará Ìbàdàn mú un lẹ́rú lójú ogun, ilà ojú tí wọ́n kọ fún un kò sì pa rẹ́ títí tí ó fi di olóògbé. Lọ́dọ̀ àwọn tí ó mú un gan-an ni ó ti kọ́ bí a ṣe ń to ọmọ ogun àti bí a ṣe ń lo ìbọn, nítorí pé kò sí ìlú tí ó mọ ogun jà bí Ìbàdàn nígbà náà. Nígbà tí ó padà sílé, ìmọ̀ yìí ni ó fi ń gbèjà àwọn ènìyàn rẹ̀. Ní ọdún 1870, Ìbàdàn fi ìdótì àti ebi ṣẹ́gun Iléṣà. Ògèdèǹgbé sá kúrò níbẹ̀, ó tẹ̀dó sí Ìta-Ògbólú nítòsí Àkúrẹ́, ó sì ń jagun káàkiri apá ìlà-oòrùn, títí tí okìkí rẹ̀ fi kàn ju ti ọba púpọ̀ lọ.

Ìbọn Ṣakabùlà àti Ẹ̀tù Rẹ̀

Ìbọn tí ó wà lọ́wọ́ jagunjagun ní àkókò yìí ni ṣakabùlà, èyí tí a ń ti ẹnu ki. Àwọn oníṣòwò Òyìnbó ni ó ń kó ìbọn náà àti ẹ̀tù rẹ̀ wá sí etí òkun. Èédú, imí-ọjọ́ àti iyọ̀ kan tí àwọn Òyìnbó ń pè ní saltpetre ni a pò pọ̀ tí ó di ẹ̀tù dúdú náà. Ẹni tí ó bá ń ki ṣakabùlà ni ó ń yan ohun gbogbo fúnra rẹ̀. Yóò wo ẹ̀tù bóyá ó gbẹ. Yóò fi ọwọ́ rà á wò, nítorí pé ẹ̀tù tí hóró rẹ̀ tóbi a máa jó díẹ̀díẹ̀, èyí tí ó kúnná a sì máa gbiná lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ fi ń fi èyí tí ó kúnná sí ojú ìbọn níbi tí òkúta ìṣáná ti ń ta iná, tí wọ́n sì ń da èyí tí ó nípọn sínú ọ̀pá rẹ̀. Bí ẹ̀tù bá kéré, ọta kò ní lọ jìnnà. Bí ó bá pọ̀ jù, ọ̀pá ìbọn lè fọ́ mọ́ ẹni tí ó yìn ín lójú. Èéfín rẹ̀ a máa bo ojú ogun, ìdọ̀tí rẹ̀ a sì máa dí inú ìbọn.

Pẹ̀lú gbogbo àléébù wọ̀nyí, àǹfààní ńlá kan wà nínú rẹ̀. Ibikíbi tí jagunjagun bá ti rí ẹ̀tù rà, ó lè lò ó. Bí ọta olójé bá sì tán, àfọ́kù irin tí alágbẹ̀dẹ gé lè dípò rẹ̀.

Ọ̀nà Tí Ó La Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ Kọjá

Àwọn Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ni ó di ojú ọ̀nà láti Èkó lọ sí òkè mú, ẹni tí ó wù wọ́n ni wọ́n sì ń jẹ́ kí ó kọjá. Gómìnà Èkó nígbà náà, Glover, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Gólóbà, wá ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1872, ó ṣí ọ̀nà ìlà-oòrùn tí a mọ̀ sí ọ̀nà Òǹdó. Inú ọkọ̀ ojú omi ni a ó ti kó ẹrù ní Èkó, a ó tọ ọ̀sà lọ sí apá ìlà-oòrùn dé etí omi Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ní Ayésàn, ni alárùú yóò ti gbé ẹrù karí, yóò fi ẹsẹ̀ la igbó dé Òǹdó, láti ibẹ̀ dé Òkè-Igbó, Ifẹ̀ àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.

Ní ọdún 1878, Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní Òkè-Ìmẹ̀sí. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti àwọn mìíràn tí àjàgà Ìbàdàn wà lọ́rùn wọn para pọ̀, wọ́n di Èkìtìparapọ̀. Ìbàdàn kọ́kọ́ ṣẹ́gun wọn ní Ìkìrun ní ọdún náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí tí wọ́n ránṣẹ́ pe Ògèdèǹgbé, tí ó sì wá di olórí ogun wọn ní àgọ́ Ìmẹ̀sí-Ilé, ní òdìkejì àgọ́ Ìbàdàn tí ó wà lápá Ìgbájọ.

Ìbọn Tuntun

Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó wà ní Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ẹni tí a ti kó lẹ́rú rí, tí ó sì padà wá láti Sàró àti Bùràsíìlì, dá owó jọ. Wọ́n ra ìbọn tuntun tí a ń ti ìdí ki, irú bíi Snider, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ gba ọ̀nà Òǹdó. Nínú ọta ìbọn yìí, ẹ̀tù, ọta àti ohun tí ń ta iná ti wà pọ̀ nínú agolo idẹ kékeré kan. Òjò kò lè tètè ba ẹ̀tù rẹ̀ jẹ́. Kí ẹni tó ń lo ṣakabùlà tó kì í lẹ́ẹ̀kejì, ẹni tí ó di Snider mú ti yìn ín ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ìró ìbọn ńlá Èkìtìparapọ̀ tí ó ń dún láàárín òkè ni a gbọ́ pé ó fún ogun náà ní orúkọ rẹ̀, Kírìjì. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìbàdàn pọ̀, tí ogun sì ti mọ́ wọn lára, wọn kò lè ṣí Ògèdèǹgbé nídìí mọ́. Ààrẹ Látòósà, Kakaǹfò Ìbàdàn, kú sí àgọ́ ní ọdún 1885 láìrí ẹ̀yìn ogun náà.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó dára ní iye tí à ń rà á. Ẹni tí ó ń lo ìbọn tuntun kò yan ẹ̀tù mọ́. Ẹni tí ó rọ ọta náà ní ìlú Òyìnbó ni ó ti yàn án fún un. Ẹ̀tù inú àdó kò wúlò fún Snider tí agolo ọta rẹ̀ bá ti tán. Láti ìgbà náà, agbára Ògèdèǹgbé di ohun tí ó so mọ́ ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ ní etí omi, bí Òǹdó bá dí ọ̀nà, tàbí bí ìjọba Èkó bá fòfin de ẹrù, ìbọn tó wà ní Ìmẹ̀sí yóò di òpó. Ọwọ́ àwọn atukọ̀ àti alárùú etí omi ni ẹ̀mí ogun náà wà.

Òpin Ogun àti Òpin Ayé Rẹ̀

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, ìjọba Èkó bá wọn ṣe àdéhùn àlàáfíà, èyí tí ó fi òmìnira fún àwọn ìlú Èkìtìparapọ̀, àfi Ọ̀tan, Ìrẹ̀sì, Àdá àti Ìgbájọ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún Ìbàdàn. Síbẹ̀, àwọn àgọ́ kò tú. Ní ọdún 1890, àwọn ìjọba Òyìnbó ṣe àpéjọ ní Brussels, wọ́n sì fòfin de kíkó ìbọn ìgbàlódé àti ọta rẹ̀ wọ apá tí ó pọ̀ jù ní Áfíríkà. Ṣakabùlà àti ẹ̀tù lásán ni wọ́n fi àyè díẹ̀ gbà. Ní ọdún 1892, ìbọn Maxim wọn fọ́n àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú ká ní Ìmágbọ̀n. Nígbà tí Gómìnà Carter dé àgọ́ ní ọdún 1893, Ògèdèǹgbé gbà kí wọ́n tú u ká.

Ní ọdún 1894, Captain Bower mú un, wọ́n sì lé e lọ sí Ìwó. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, ó padà sí Iléṣà, ó sì di Ọbańlá ní ọdún 1898. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1910, ó papòdà.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí fà yọ. Àkọ́kọ́ ni pé ohun ìjà tí ó gba Èkìtìparapọ̀ lọ́wọ́ Ìbàdàn ni ó tún fi wọ́n sábẹ́ ẹni tí ó ń rọ ọta. Ẹni tí ó dá ọ̀nà Òǹdó sílẹ̀ ni ó lè dí i. Ìkejì ni pé àwọn tí ó tu ọkọ̀ ní ọ̀sà, tí ó sì gbé àpótí ọta karí gba igbó Ìkálẹ̀ kọjá, kò ní ère, kò ní oríkì. Ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tọ àwọn àgbà Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ lọ, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá gbọ́ nípa ọ̀nà náà sílẹ̀ kí ó tó pẹ́ jù. Bí a bá yin ọwọ́ tí ó yìn ìbọn, ó tọ́ kí a rántí orí tí ó ru ẹ̀tù.