Ìtàn Oníṣègùn Wilhelm Meyer

Ọ̀pọ̀ ọmọ ni a ti pè ní olódo ní ilé-ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ ni etí wọn ni kò gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń wí. Ẹni tí ó tú àṣírí ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ń fa èyí ni Wilhelm Meyer. Ìlú Fredericia ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì ni a ti bí i ní ọdún 1824. Copenhagen, olú-ìlú wọn, ni ó sì ti ṣe iṣẹ́ ìṣègùn.

Ní ọjọ́ kan, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tọ̀ ọ́ wá. Kò gbọ́ràn dáadáa, ohùn rẹ̀ sì dà bí ti ẹni tí imú dí. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ: Meyer ti ìka gba ẹnu rẹ̀ dé ẹ̀yìn àjà ẹnu, níbi tí imú àti ọ̀fun gbé pàdé. Ẹran rírọ̀ kan ni ó bá níbẹ̀ tí ó dí ọ̀nà. Adenoid ni à ń pe ẹran náà. Meyer ṣe ọ̀bẹ kékeré kan bí òrùka, ó sì fi gé e kúrò. Ó yẹ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wò, ó sì bá àìsàn náà lára àwọn kan nínú wọn. Ní ọdún 1868 ni ó kọ ìwádìí rẹ̀ jáde. Ní 1870, a tẹ̀ ẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní London.

Lẹ́yìn ayé Meyer ni a wá mọ̀ pé oníbodè ni ẹran yìí. Ojú rẹ̀ ní ìlà jíjìn-jíjìn, kí èémí tí ń wọlé lè kàn án púpọ̀. Ibẹ̀ ni ó ti ń gba èérún lára kòkòrò àrùn, tí ó ń fi í han àwọn ọmọ-ogun ara, kí wọ́n lè dá ọ̀tá mọ̀ kí wọ́n sì rọ ohun ìjà tì í. Ní ìgbà èwe ni iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ jù. Bí a ti ń dàgbà ni ó ń súnkì. Ṣùgbọ́n bí ogun bá pọ̀ jù, oníbodè a wú, a sì dí ọ̀nà tí ó yẹ kí ó ṣọ́. Nítorí náà, àwọn oníṣègùn kì í gé e láìnídìí.

Bí ọmọ kan ní Ìkọ̀lé tàbí Ọyẹ́ bá ń fi ẹnu mí, tí ó ń han-un, tí kò sì gbọ́ràn, kí a má ṣe nà án. Ilé-ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó-Èkìtì ní àwọn oníṣègùn etí, imú àti ọ̀fun.

Meyer kú ní ọdún 1895. Ní 1898, a gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ ní Copenhagen. Ẹni tí ó bá wádìí kí ó tó dájọ́ ni ayé ń rántí sí rere.