Ìrántí Josh Gibson, Akọni Nínú Eré Bésíbọ́ọ̀lù (1911–1947)

Àwọn àgbà a máa wí pé, ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Òwe yìí bá ìtàn Josh Gibson mu pátápátá. Ọmọ aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn nínú eré bésíbọ́ọ̀lù, tí ó sì kú ní ọmọ ọdún 35. A rò pé ó yẹ kí a sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹ̀yin olùkàwé wa, pàápàá jùlọ ẹ̀yin olùkọ́, nítorí ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ nípa ohun tí a kọ sílẹ̀ àti ohun tí a kò kọ.

A bí i ní Buena Vista, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, ọdún 1911. Ayé nira fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní apá gúúsù ilẹ̀ náà ní àkókò yẹn. Nítorí náà ni Mark, baba rẹ̀, ṣe ṣí lọ sí ìlú Pittsburgh láti wá iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ irin. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ba iṣẹ́, ó ránṣẹ́ pe aya àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ibẹ̀ ni Josh dàgbà sí, ibẹ̀ ni ó sì ti mọ eré yìí.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, báyìí ni a ṣe ń ṣe é. Ẹnì kan a ju bọ́ọ̀lù kékeré líle pẹ̀lú agbára. Ẹni tí ó dúró dè é a fi ọ̀pá igi lù ú, a sì sáré yí ibùdó mẹ́rin ká. Ó ṣòro tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá ṣe é ní àṣeyọrí ní ìgbà 3 nínú 10 ni a ń pè ní ọ̀gá. Bí bọ́ọ̀lù bá fò kọjá ọgbà, ẹni tí ó lù ú a rọra yí ibùdó ká, kò sí ẹni tí ó lè dá a dúró. Ohun tí a fi mọ Gibson jùlọ nìyí. Òun náà ni ó sì máa ń lóṣòó lẹ́yìn láti hán bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ tí ń jẹ orúnkún ènìyàn.

Ní ọdún 1930, ní ọmọ ọdún 18, ó wọ ẹgbẹ́ Homestead Grays. Ní ọdún kan náà ni ìbànújẹ́ ńlá dé bá a: Helen aya rẹ̀ kú níbi tí ó ti ń bí ìbejì, ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Àwọn ọmọ náà yè. Láti ọdún 1932 sí 1936, ó bá ẹgbẹ́ Pittsburgh Crawfords ṣeré, níbi tí òun àti Satchel Paige ti jọ wà. Lẹ́yìn náà ó padà sọ́dọ̀ Grays, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ ní ọdún 1943 àti 1944. Ó ṣeré ní Cuba, Puerto Rico àti Mexico pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n kò fi ẹsẹ̀ kan pápá gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ kan nínú ìdíje àgbà ti àwọn aláwọ̀ funfun. Kò sí òfin tí a kọ sílẹ̀ tí ó ní kí ó má wọlé. Àwọn olówó ẹgbẹ́ ni wọ́n fohùn ṣọ̀kan láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún pé dúdú kò gbọdọ̀ wọlé. Wọ́n ń pe Gibson ní Babe Ruth dúdú, àwọn mìíràn láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀ sì yí i padà, wọ́n ní Ruth ni Gibson funfun.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1943, àìsàn dá a wólẹ̀. Ìtàn sọ pé kókó kan wà nínú ọpọlọ rẹ̀, tí kò sì gbà kí a fi iṣẹ́ abẹ yọ ọ́. Orí fífọ́ àti ọtí mímu jọ bá a jà. Síbẹ̀ ọdún náà gan-an ni ó ṣe dáadáa jùlọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1947, ó kú ní Pittsburgh. Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn èyí, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin, Jackie Robinson wọ pápá fún ẹgbẹ́ Brooklyn, ìlẹ̀kùn sì ṣí. Ọdún 1972 ni a tó fi orúkọ Gibson sínú ilé ìrántí àwọn akọni eré náà. Ibojì rẹ̀ kò sì ní òkúta ìrántí títí di ọdún 1975.

Iye ìgbà tí ó lu bọ́ọ̀lù kọjá ọgbà di ohun àríyànjiyàn. Àwọn kan ní ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 800. Ṣùgbọ́n níbo ni ìwé rẹ̀ wà? Àwọn ìwé ìròyìn aláwọ̀ funfun kì í sábà ka irú eré bẹ́ẹ̀ sí, àwọn ẹgbẹ́ dúdú kò sì lówó láti tọ́jú àkọsílẹ̀ bí ó ti yẹ. Àwọn ìwé ìròyìn aláwọ̀ dúdú ni ó tẹ èsì eré wọn jáde. Láti ọdún pípẹ́ ni àwọn olùwádìí ti ń ṣí àwọn ewé ìwé gbígbó wọ̀nyí, tí wọ́n ń ka èsì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, àwọn aláṣẹ gbà pé ìdíje méje ti àwọn aláwọ̀ dúdú, láti 1920 sí 1948, bá ìdíje àgbà dọ́gba. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni wọ́n kọ ìṣirò wọn mọ́ ti àwọn yòókù. Nígbà náà ni ó hàn pé, nínú ìgbà 1,000, Gibson ṣe àṣeyọrí ní 372. Ó ju 367 ti Ty Cobb lọ, ẹni tí ó ti wà ní ipò kìíní láti ọjọ́ pípẹ́. Ti ọdún 1943 nìkan jẹ́ 466.

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ délẹ̀. Àkókò ìdíje àwọn aláwọ̀ dúdú kúrú, eré tí a lè kà kò sì pọ̀. Nínú ìwọ̀nyí, bọ́ọ̀lù tí ó lù kọjá ọgbà kò tó 200. Ọ̀pọ̀ nínú 800 tí a ń sọ ni ó jẹ́ ti eré tí kò sí nínú ìdíje. Ìwé bu ìtàn kan kù, ó sì gbé òmíràn ga. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé òtítọ́ máa ń ṣe.

Gibson kò rí ọjọ́ náà. Ọdún 77 ni ó ti wà nínú ilẹ̀ kí a tó dá a láre. Bí kò bá sí àwọn akọ̀wé tí a kò mọ orúkọ wọn, tí wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá tí wọ́n ń kọ ohun tí ojú wọn rí, ìdáláre náà kì bá tí wà láé. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe fojú kékeré wo ìwé orúkọ àti ìwé èsì tí ẹ ń kọ lójoojúmọ́. Kò sí ẹni tí ó mọ ọmọ tí ìwé náà yóò jẹ́rìí fún lọ́la.