Harvey Wiley: Ó jà títí òfin fi de àwọn tó ń ta òògùn irọ́, ilé ẹjọ́ sì tú ìdè náà

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2024, Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Amẹ́ríkà fagi lé ìdájọ́ kan tó ti wà láti ọdún 1984. Ìdájọ́ àtijọ́ ọ̀hún ló ní bí ọ̀rọ̀ inú òfin kan kò bá yéni yékéyéké, kí adájọ́ fara mọ́ ìtumọ̀ tí àjọ ìjọba tó ń mú òfin náà ṣẹ bá fún un, níwọ̀n ìgbà tí ìtumọ̀ náà bá ti mọ́gbọ́n dání. Ní báyìí, adájọ́ ni yóò máa pinnu fúnra rẹ̀ ohun tí òfin ń sọ. Ọ̀pọ̀ ló rí i bí ohun tuntun. Ṣùgbọ́n ní ọdún 113 ṣáájú, ọkùnrin kan ti fojú ara rẹ̀ rí i bí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ díẹ̀ ṣe lè gba agbára lọ́wọ́ odidi iléeṣẹ́ ìjọba. Orúkọ rẹ̀ ni Harvey Washington Wiley.

Ọmọ àgbẹ̀ láti Indiana

Wọ́n bí Wiley ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹwàá ọdún 1844 ní ìpínlẹ̀ Indiana, nínú ilé onígi lóko bàbá rẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ ológun fún ìgbà díẹ̀ nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ó sì tún kàwé ní fásitì Harvard. Ẹnu iṣẹ́ olùkọ́ kẹ́mísìrì ló wà ní fásitì Purdue nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí yẹ oyin àti ṣúgà ọjà wò, tó sì rí i pé púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti fi nǹkan mìíràn lú. Ní ọdún 1883, ó di olórí àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ní iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀ ní Washington.

Ohun tó bá lọ́jà nígbà náà burú. Àwọn oníwàrà ń da formalin, èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú, sínú wàrà kó má baà kan. Wọ́n ń fi borax sí ẹran. Ní ti òògùn, ẹni tó bá ti wọ mólúè rí l'Ékòó kò nílò àlàyé púpọ̀: gbogbonìṣe ni, ìgò kan ṣoṣo tó ń wo ojú, ẹ̀yìn, jẹ̀díjẹ̀dí àti àìrómọbí. Kò sí òfin àpapọ̀ tó lè bi ẹni tó ń tà á léèrè.

Ní ọdún 1902, Wiley kó ọ̀dọ́kùnrin 12 jọ tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn. Ìsàlẹ̀ ilé iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun lọ́fẹ̀ẹ́, kẹ́míkà tí àwọn oníṣòwò ń fi sí oúnjẹ sì wà nínú ohun tí wọ́n ń jẹ. Wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò ní pe ìjọba lẹ́jọ́. Orí ń fọ́ wọn, inú ń run wọ́n, ìwé ìròyìn sì ń sọ ìtàn wọn káàkiri. Nígbà tí ìwé Upton Sinclair lórí ilé iṣẹ́ ẹran ní Chicago tún jáde lọ́dún 1906, ara kò gba àwọn aráàlú mọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún náà, Ààrẹ Theodore Roosevelt buwọ́ lu òfin oúnjẹ àti òògùn. Ó ka kíkọ irọ́ tàbí ẹ̀tàn sára ìgò òògùn léèwọ̀, ó sì fi iṣẹ́ àyẹ̀wò lé iléeṣẹ́ Wiley lọ́wọ́.

Ẹjọ́ òògùn jẹjẹrẹ

O. A. Johnson, ní ìlú Kansas City, ń ta òògùn kan tó ní ó ń wo àrùn jẹjẹrẹ. Ìjọba fẹ̀sùn kàn án pé òògùn náà kò wo nǹkan kan, àti pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ da ẹ̀sùn náà nù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ, ìtumọ̀ òfin nìkan ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Nítorí náà, àwọn adájọ́ ní láti mú gbogbo ohun tí ìjọba sọ bí òtítọ́: òògùn irọ́ ni, ẹni tó ń tà á sì mọ̀. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1911, Johnson ló jàre.

Adájọ́ mẹ́fà nínú mẹ́sàn-án ló fara mọ́ ọn. Adájọ́ Oliver Wendell Holmes, tó kọ ìdájọ́ náà, ṣàlàyé pé irọ́ tí òfin ń bá wí ni irọ́ nípa ohun tó wà nínú ìgò: ohun tó jẹ́, bó ṣe lágbára tó, bó ṣe mọ́ tó. Irọ́ nípa iṣẹ́ tó lè ṣe lára ènìyàn kò sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí: bí mo bá kọ ọ́ sára ìgò pé ọtí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ló wà nínú òògùn mi, tó sì jẹ́ ogún, mo ti rú òfin. Bí mo bá kọ ọ́ pé ó ń jí òkú, òfin kò mọ̀ mí.

Àròyé Holmes kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ó rò pé àwọn aṣòfin kò ní fẹ́ kí ìjọba máa dá sí ohun tí èrò kò ti ṣọ̀kan lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Adájọ́ Charles Evans Hughes, tí adájọ́ méjì mìíràn tì lẹ́yìn, ta kò ó: níbi tí ẹni tó ń tajà ti mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa, èrò wo ló kù tí a ń jiyàn lé? Ní tèmi, Hughes ló rí ohun tí aláìsàn ń rí.

Láti ọjọ́ náà, iléeṣẹ́ Wiley kò lè fi òfin yẹn mú ẹnikẹ́ni nítorí ìlérí ìwòsàn irọ́. Ààrẹ William Taft ké sí àwọn aṣòfin láàárín oṣù kan, wọ́n sì tún òfin náà ṣe ní oṣù Kẹjọ ọdún 1912. Àtúnṣe náà ní àlébù tirẹ̀. Ìjọba ní láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà jẹ́ irọ́, kó sì tún fi hàn pé oníṣòwò náà mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ lu jìbìtì ni. Ta ló rí inú ọkàn oníṣòwò? Lẹ́yìn náà, ẹnì kan ń ta òògùn tó ń jẹ́ Banbar fún àwọn alárùn àtọ̀gbẹ, nígbà tí insulin ti wà. Ìjọba gbé e lọ sílé ẹjọ́, ó sì jàre, torí kò sí ẹ̀rí pé òun fúnra rẹ̀ kò gbà á gbọ́.

Coca-Cola, ìyẹ̀fun àti ìfipòsílẹ̀

Ní ọdún 1909, ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé àgbá ńlá 40 àti àgbá kékeré 20 omi dídùn Coca-Cola ní ìlú Chattanooga, nítorí kaféènì. Iléeṣẹ́ náà ní kaféènì kì í ṣe ohun tí wọ́n fi kún un, pé ara ohun tó sọ ọ́ di Coca-Cola ni. Adájọ́ gbà fún wọn ní 1911. Ọdún 1916 ni Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ tó yí i padà, iléeṣẹ́ náà sì dín kaféènì kù. Láàárín méjèèjì, ní 1914, ilé ẹjọ́ kan náà sọ lórí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi kẹ́míkà sọ di funfun pé kò tó kí ìjọba sọ pé májèlé wà nínú rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé oúnjẹ náà lè pa ẹni tó bá jẹ ẹ́ lára.

Èmi kò ní pe Wiley ní áńgẹ́lì. Alágídí ni, kò sì fẹ́ gbọ́ pé òun lè ṣìnà. Ó sọ fún Roosevelt lójúkojú pé saccharin ń ba ìlera jẹ́, láìmọ̀ pé Ààrẹ ń lò ó lójoojúmọ́. Inú bí Roosevelt gan-an, ó sì gbé ìgbìmọ̀ onímọ̀ kan kalẹ̀ tó lè fagi lé ìpinnu Wiley. Nítorí náà, kì í ṣe ilé ẹjọ́ nìkan ló dè é lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 1912, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì lọ ń yẹ ọjà wò fún ìwé ìròyìn Good Housekeeping. Ó kú ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1930, ọdún 24 géérégé lẹ́yìn tí wọ́n buwọ́ lu òfin rẹ̀. Ẹni ọdún 85 ni.

Ní ọdún 1937, iléeṣẹ́ kan ní Tennessee po òògùn olómi kan pọ̀ mọ́ diethylene glycol. Ó lé ní 100 ènìyàn tó kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọdé. Ohun kan ṣoṣo tí òfin 1906 rí bá iléeṣẹ́ náà wí ni pé ó pe òògùn náà ní elixir, orúkọ tó túmọ̀ sí pé ọtí wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ọtí níbẹ̀. (Kẹ́míkà yìí kan náà ni wọ́n bá nínú òògùn eyín àwọn ọmọ ọwọ́ tó pa ọmọdé tó lé ní 80 ní Nàìjíríà ní 2008 sí 2009, àti nínú òògùn ikọ́ tí wọ́n fura sí nígbà tí àwọn ọmọdé ń kú ní Gáḿbíà ní 2022.) Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 1938, Ààrẹ Franklin Roosevelt buwọ́ lu òfin tuntun: oníṣòwò ni yóò kọ́kọ́ fi hàn pé òògùn tuntun kò léwu kó tó tà á, ìjọba kò sì nílò láti wádìí ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó kọ irọ́ sára ìgò mọ́.