ENRICO RASTELLI: ỌWỌ́ NI, KÌ Í ṢE OÒGÙN

Ẹ má bínú pé ẹni tí mo mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọmọ Òjòkú, kì í ṣe ọmọ Ọ̀fà, kódà kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ kan tó ń jà ràn-ìn ní kíláàsì wa ló jẹ́ kí n lọ wá a.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Bí ẹnìkan bá gba ipò kìíní, wọ́n á ní ìsọ̀yè ló lò. Bí ẹnìkan bá mọ bọ́ọ̀lù gbá, wọ́n á ní bàbá ẹ̀ ti ṣe nǹkan sí i lẹ́sẹ̀. Bí eégún onídán bá ta òkìtì lọ́jọ́ ọdún, wọ́n á pariwo oògùn, wọn ò ní rántí pé láti kékeré ni àwọn ọ̀jẹ̀ ti ń kọ́ ọmọ wọn ní òkìtì. Ọ̀rẹ́ mi kan tiẹ̀ ti pa ìwé tì báyìí, ó ń wá ẹni tó máa sín gbẹ́rẹ́ ìsọ̀yè fún un kí ìdánwò WAEC tó dé. Òun gan-an ni mo ń kọ ìtàn yìí fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò ní dárúkọ rẹ̀.

Ta ni Rastelli? Òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ó mọ eré jíju nǹkan sókè àti híhán an jù lọ láyé. Òyìnbó ń pe eré yìí ní juggling. Ẹ mọ̀ ọ́n: ká kó ọsàn mẹ́ta sọ́wọ́, ká máa jù wọ́n sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, ká máa hán wọn, kí ìkankan má bọ́ sílẹ̀. Àwọn tó fi ṣe iṣẹ́ ṣe máa ń lo bọ́ọ̀lù kéékèèké, àwo, ọ̀pá àti kùmọ̀. Kùmọ̀ yìí kì í ṣe ti ìjà o. Ọrùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ikùn rẹ̀ yọ bíi ti ìgò. Bí wọ́n bá jù ú, á yí po lẹ́ẹ̀kan lókè, kí ọrùn rẹ̀ tó padà bọ́ sọ́wọ́.

Oṣù Kejìlá ọdún 1896 ni wọ́n bí Rastelli ní ìlú Samara, ní Rọ́ṣíà. Ọmọ Ítálì ni bàbá àti ìyá rẹ̀, ìlú Bergamo sì ni orírun wọn. Iṣẹ́ sákọ́ọ̀sì ni wọ́n ń ṣe, ìyẹn àwọn òṣèré tó ń gbé àgọ́ kiri láti ìlú dé ìlú, bí alárìnjó tiwa láyé àtijọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi bí i sí ọ̀nà jíjìn bẹ́ẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Nígbà tó tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó ti ń bá àwọn òbí rẹ̀ jáde síwájú èrò. Ṣùgbọ́n eré òkè ni wọ́n fi í sí, èyí tí wọ́n máa ń rọ̀ dirodiro lókè àgọ́. Ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti ṣíwọ́, tí àwọn yòókù lọ sinmi, á kó bọ́ọ̀lù rẹ̀ jáde, á máa dánra wò. Kò sẹ́ni tó ń sanwó ìyẹn fún un, kò sì sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́.

Láyé ìgbà yẹn, àwọn òṣèré láti Jàpáánì ń wá ṣeré ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Takashima. Ọ̀pá igi tẹ́ẹ́rẹ́ àti bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi òwú ṣe ni irinṣẹ́ wọn. Wọ́n á fi ẹnu di ọ̀pá kan mú, wọ́n á sì fi hán bọ́ọ̀lù. Rastelli rí i, ó wọ̀ ọ́ lára, ó gbé e. Kódà ó ń wọ irú aṣọ wọn jáde.

Ẹ dúró síbí kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Kùmọ̀ tóbi, kì í tètè yí, ojú sì máa ń rí i kedere. Ṣùgbọ́n ó wúwo, àyè tó ń gbà lókè sì pọ̀. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ fúyẹ́, kì í gba àyè, àmọ́ ó máa ń yí kíákíá, ó sì lè tètè já bọ́. Rastelli yan ọ̀pá, ó sì gba wàhálà rẹ̀ mọ́ ọn. Nítorí náà ló fi lè ju ọ̀pá mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ń ju àwo mẹ́jọ, ó sì ń ju bọ́ọ̀lù mẹ́wàá. Mẹ́wàá o! Ọwọ́ méjì péré ni Ọlọ́run fún òun náà.

Lẹ́yìn tí ìjọba dojú rú ní Rọ́ṣíà lọ́dún 1917, òun àti Harriet ìyàwó rẹ̀, tí òun náà jẹ́ ọmọ ìdílé sákọ́ọ̀sì, bá ẹbí lọ sí Ítálì. Ibẹ̀ ni òkìkí ti bẹ̀rẹ̀. Láàrin ọdún 1922 sí 1923, ó ti ṣeré dé Lọ́ńdọ̀nù àti New York. Gbọ̀ngàn ńláńlá ní Berlin náà ń dù ú.

Nígbà tí owó dé, ẹ ò bá rò pé á sinmi. Rárá o. Ọ̀pọ̀ wákàtí ló fi ń dánra wò lójoojúmọ́, títí kan ọjọ́ tó bá máa ṣeré lálẹ́. Nígbà tó yá, ó tún irinṣẹ́ yàn. Ó dín bọ́ọ̀lù kéékèèké kù, ó gbé bọ́ọ̀lù ńlá, ó sì ń wọ aṣọ agbábọ́ọ̀lù jáde. Á gbé e lé orí, á gbé e lé èjìká àti orúnkún, á máa yí i lórí ìka. Á ju bọ́ọ̀lù sáàárín èrò, wọ́n á jù ú padà, òun á sì fi ọ̀pá ẹnu rẹ̀ hán an. Lójú tèmi, ọgbọ́n nìyẹn: ẹni tó sanwó táṣẹ́rẹ́ tó jókòó sẹ́yìn pátápátá máa rí bọ́ọ̀lù ńlá, òun náà á sì bá wọn ṣeré.

Ṣùgbọ́n ẹ̀mí rẹ̀ ò gùn. Àìsàn mú un, ó sì kú ní Bergamo ní oṣù Kejìlá ọdún 1931, kò tíì pé ọmọ ọdún 35. Èrò rẹpẹtẹ ló sin ín, wọ́n sì gbẹ́ ère rẹ̀ sí ibojì rẹ̀. Ká ní oògùn ló ń lò ni, ṣebí ikú ni ì bá kọ́kọ́ fi lé lọ.

Èmi náà dán eré yìí wò o. Ọsàn ni mo kọ́kọ́ fi ṣe, ìyá mi sì gba ọsàn rẹ̀ lọ́wọ́ mi torí títà ló fẹ́ tà á. Mo wá fi ike omi mẹ́ta ṣe kùmọ̀. Mo ki igi bọ ọrùn wọn, mo fi rọ́bà dì í pinpin. Ohun tí mo rí kọ́ rèé. Àkọ́kọ́, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wúwo bákan náà, kí wọ́n sì gùn bákan náà. Ọ̀kan tèmi wúwo ju ìyókù lọ, òun ló gbá mi níwájú orí. Ìkejì, kéèyàn fi ọ̀kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀, láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì, kó yí lẹ́ẹ̀kan péré, kó má ga púpọ̀ ju orí lọ. Tó bá mọ́wọ́, kó mú méjì. Ìkẹta, kó má ju èyí tó kàn àfi tí ti ìṣáájú bá dókè tán. Ìkánjú ló ń ba eré yìí jẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kó kùmọ̀ nílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo hán mẹ́fà léra wọn kí wọ́n tó bọ́. Àbúrò mi tó ń wò mí láti ọjọ́ kìíní ló kọ́kọ́ ní mo ti lo nǹkan. Ẹ̀rín pa mí.

Ọ̀rẹ́ mi, tó o bá ń ka èyí lára ògiri, ìwé rẹ ni kùmọ̀ rẹ. Yan èyí tó bá ọwọ́ rẹ mu, mú ọ̀kan ṣoṣo lónìí, má sì bẹ̀rù pé á bọ́. Tó bá bọ́, bẹ̀rẹ̀, kó o mú un. Mo wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé-ìwé tí wọ́n bá ti jáde. Wá, ká jọ ka Mátíìsì ná. Lẹ́yìn náà, màá fi kùmọ̀ hàn ọ́.