Shitta Bey àti Àwọn Tó Kọ́ Mọ́sálásí Rẹ̀

Ẹ̀yin ará wa nínú Ìsìláàmù ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, Alàgbà Muhammad Shitta Bey ni a rántí ní Jímọ̀ òní. Ilẹ̀ Sàró ni a bí i sí ní ọdún 1824, ọmọ àwọn Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú. Òwò obì àti awọ ẹran sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀, tí Èkó fi ń pè é ní Olówó Pupa.

Mọ́sálásí ni ó ná owó náà lé. Ọmọ Àgùdà kan, João Baptista da Costa, ni ọ̀gá àwọn bírìkìlà. Sanusi Aka bá a ṣe é. Ọgbọ́n ìkọ́lé tí àwọn Àgùdà kó bọ̀ láti Brazil hàn lára ilé náà: fèrèsé tí a tẹ̀ lórí, ọ̀ṣọ́ tí a mọ sára ògiri. Ẹni tó sanwó ni a máa ń yìn, a kì í sábà rántí ẹni tó to bíríkì. Nítorí náà ni a ṣe dárúkọ àwọn méjèèjì lórí mínbárì.

Ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i. Sultan Abdul Hamid Kejì ti ilẹ̀ Tọ́kì rán Abdullah Quilliam wá láti Liverpool, ó sì fi oyè Bey dá a lọ́lá. Ní 1895 ni ọlọ́jọ́ dé. A ṣì ń kírun níbẹ̀ di òní.